Àwòrán Mẹ́ta Tí Mo Yọ Kúrò

Òórùn ìwúkàrà ló máa ń pàdé ẹni lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìwádìí wa ní Parakou. O mọ bí ìyẹ̀fun tó wú mọ́jú ṣe ń rùn. Yàrá náà kò ní fèrèsé. Ibẹ̀ ni mo ti lo ọdún méjì lórí àwọn purotéènì kan: okùn mẹ́rin tín-ín-tín tó máa ń lọ́ mọ́ra wọn, tí wọ́n á fa àpò kéékèèké inú hóró ìwúkàrà súnmọ́ra títí méjì á fi di ẹyọ kan. Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ mi gbà pé bí a bá ba ojú kan ṣoṣo jẹ́ lára okùn kan, àwọn àpò náà kò ní lè parapọ̀ mọ́. Ó ti kọ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ lókè òkun, kí n tó parí ìdánwò.

Mo ba ojú náà jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn àpò náà parapọ̀. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n rí roboto lábẹ́ mikirosikópù. Nígbà tí mo kó àwòrán mẹ́ta lọ bá ọ̀gá, ó wò wọ́n pẹ́.

"Yọ wọ́n kúrò nínú ìwé rẹ," ó wí. "A ò purọ́, a kàn dákẹ́ ni."

Bí kò bá buwọ́ lù ú, kò sí oyè. Mo yọ wọ́n. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń fi oúnjẹ sílẹ̀ láìjẹ tán. Ìyá mi, tó ń ta aṣọ ní ọjà Arzèkè, rò pé àìsàn ni. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Gbogbo ìsọ̀ tó yí i ká ló ti gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ fẹ́ gboyè.

Lọ́jọ́ tí mo lọ ṣàlàyé iṣẹ́ náà níwájú àwọn olùyẹ̀wò, ìyá mi jókòó lẹ́yìn. Kò gbọ́ Faransé tí a ń sọ. Obìnrin kan nínú wọn bi mí bóyá n kò rí àpò kankan tó parapọ̀ rárá. Mo wo ọ̀gá. Tábìlì ló ń wò.

"Mo rí wọn, Màdáámù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta."

Wọn kò fún mi lóyè lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kí n lọ tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ìyá mi bá mi rìn dé àdúgbò Banikanni. Oṣù mẹ́fà ni ọ̀gá kò fi dáhùn ìkíni mi, inú yàrá kan náà la sì wà. Àwọn àpò náà tún parapọ̀. Ọ̀gá buwọ́ lu ìwé náà láìwo ojú mi.

Mo bínú sí i pẹ́. Ṣùgbọ́n èmi náà ti ń kọ́ni báyìí, mo sì ti rí i pé ẹni tó ti sọ̀rọ̀ jáde kó tó mọ òtítọ́ ti há sínú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀gá ti há ṣáájú mi. Ìyẹn kò sọ ohun tó ṣe di ẹ̀tọ́. Àmọ́ títí dòní, n kì í kọ nǹkan kan ránṣẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mi tó parí iṣẹ́, bó ti wù kí àwọn tó ń dúró dè é yọ mí lẹ́nu tó.