Ohun Tó Di Táyà Mú

Èmi ni mo so wáyà mẹ́ta náà pọ̀, kò sẹ́ni tó rán mi. Mo rò pé bí mo bá wé wọn mọ́ra wọn dáadáa, iná inú wọn kò ní jáde wá pa mí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbé alùpùpù oníbátìrì wálé, kó lè máa fi kó búrẹ́dì láti Atakpamé lọ sí Datcha. Ẹni tó tà á fún un ní kó fi ọ̀sẹ̀ kan dán an wò. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó dá a padà. Ara mi kò gbà á. Ohun tí kò mu epo ẹ̀sáǹsì, tí kò pariwo, tí kò rú èéfín, báwo ni yóò ṣe ru ẹrù gun òkè wa? Bí ọmọ náà ṣe jáde báyìí, mo yọ bátìrì, mo tú wáyà tó wọ inú táyà ẹ̀yìn, mo so wọ́n pọ̀, mo sì fọwọ́ yí táyà wò. Bí mo bá rọra yí i, á tẹ̀lé mi. Bí mo bá fi agbára yí i, nǹkan kan á dì í mú láti inú. Bátìrì sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi! Mo sá, bàtà mi kan kù síbẹ̀.

"Dá a padà lónìí," mo sọ fún un. "Nǹkan ń gbé inú ẹ̀."

"Tọ́ntọ́n, àbúrò ìyá mi, ṣé orí ni kí n tún máa fi ru búrẹ́dì dé Datcha?" Ojú rẹ̀ ti kún fún omi. Ló bá lọ pe mẹkáníìkì.

Ìyẹn kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Ó ní òòfà ni wọ́n tò yí inú táyà ká, wáyà bàbà tí wọ́n wé ló wà láàárín, àpótí kékeré abẹ́ ìjókòó ló sì ń pín iná fún wọn ní ìkọ̀ọ̀kan.

"Bàbá, ẹ ti fi ewé tan ewúrẹ́ rí? Bó bá kù díẹ̀ kó bá a, ẹ ó tún sún un síwájú. Iná ni ewé yẹn; àpótí yìí mọ ibi tí òòfà dé, kì í jẹ́ kó bá ewé láé. Kò sí nǹkan tó ń ha ara wọn níbẹ̀, ìyẹn ni iná díẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ púpọ̀."

"Ewúrẹ́ kì í ru búrẹ́dì gun òkè," mo dá a lóhùn.

Ó tún wáyà tò. Ọmọ náà di àpò búrẹ́dì méjì, ó ní kí n gun ẹ̀yìn. Mo dijú. Ìgbà tí n ó fi lajú, a ti dé orí òkè. Mo fọwọ́ kan àárín táyà: ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Àpá ibi tí ẹ́ńjìnnì alùpùpù tèmi ti jó mi wà lẹ́sẹ̀ mi dòní.

Síbẹ̀, nígbà tí a padà délé, a ò tíì sọ̀kalẹ̀ tán tí mo fi bi mẹkáníìkì tó ń dúró dè wá pé ta ló wá di táyà mú nígbà tí kò sí bátìrì. Alùpùpù yẹn ṣì ń lọ sí Datcha títí di òní, bẹ́ẹ̀ sì ni, bí nǹkan tuntun bá fẹ́ lé mi sá, èsì tí mẹkáníìkì fún mi ni mo máa ń gbọ́:

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Bí ẹ ṣe ń yí òòfà, òun náà ń mú iná wá. Ẹ wá so wáyà pọ̀, ẹ sì la ọ̀nà fún un. Agbára ọwọ́ ara yín lẹ̀ ń bá jà."