Ọ̀dà Búlúù Onílé Wa

"Ọgbọ́n ni mo fi ń tún ilé ṣe, kì í ṣe owó." Báyìí ni bàbá onílé wa ní Ìta Fájì máa ń wí, tí yóò sì máa fa irùngbọ̀n. A bẹ̀ ẹ́ kó tún yàrá ìfọṣọ ṣe. Kò tilẹ̀ wo páìpù tó ń jò. Ọ̀dà búlúù lásán ló kùn bo ògiri tútù.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀dà náà lẹ̀ mọ́ jalabíà funfun ìyá mi.

"Bàbá, ẹ wo aṣọ ìkírun mi."

"Búlúù yẹ yín, Àlájà."

Àwa obìnrin ilé la pe púlọ́ńbà, tí a sì po símẹ́ńtì fúnra wa. Ìgbà tó gbẹ tán ni bàbá kó àlejò wọlé: "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi."

Ìyá mi da omi ọṣẹ sí i lẹ́sẹ̀. "Ẹ má bínú, mi ò rí yín."