Ọjọ́ Tí Dígí Dá Bàbá Mi Lóhùn

Ọjọ́ tí wọ́n fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n kò lè kúrò lọ́kàn mi láé. Jakande ní Ìlasàn là ń gbé. Láràárọ̀ ni bàbá mi máa ń dúró síwájú dígí, wọ́n á máa pariwo pé, "Ọ̀gá ni mí," bí olùkọ́ kan ṣe kọ́ wọn lórí fóònù.

Àwọn elétò tẹlifíṣọ̀n kan wá láti Lẹ́kkí, wọ́n ya fídíò bàbá mi níwájú dígí náà. Bàbá mi rò pé wọ́n fẹ́ yẹ́ àwọn sí ni. Lọ́jọ́ tí ètò náà jáde, bàbá mi wọ agbádá, wọ́n kó àwọn aládùúgbò jọ sí pálọ̀ wa, wọ́n fún kálukú ní mínírà.

Nínú ètò náà, aláwàdà kan dúró síwájú dígí lórí ìtàgé. Ó ní, "Ọ̀gá ni mí." Ohùn kan dáhùn látinú dígí pé, "Yẹra díẹ̀, jẹ́ kí n rí ọ̀gá náà." Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé fídíò bàbá mi jáde.

Ẹ̀rín gba gbogbo pálọ̀. Màmá mi ń nu omijé ẹ̀rín.

"Ìyá Délé, kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ẹ má bínú, Bàbá Délé. Aláwàdà yẹn ló jọ yín."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí bàbá mi tó la ẹnu, àwọn tó mu mínírà wa ti ń pariwo lójú fèrèsé pé, "Ọ̀gá ni mí." Bàbá mi rọra yí dígí náà kọjú sí ògiri. Mo gbọ́ màmá mi ní kíṣìnì, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín.