Nígbà Tí Ọyàn Mi Kò Lómi

Oyún oṣù méje ni mo bí. Nǹkan bí ọdún 1991 ni, a ṣì ń gbé ní Basin nílùú Ìlọrin, èmi àti ọkọ mi, nínú yàrá méjì tí a gbà nílé àfáà kan, ọmọ bíbí ìlú náà. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ṣàngó. Ọkọ mi ń tún rédíò ṣe nítòsí Ọ̀fà Garage.

Mò ń kọ ìṣirò sójú pátákó lọ́wọ́ nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sí mi lẹ́sẹ̀. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan ló gbé mi dé ọsibítù. Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, mo ti bímọ. Wọn kò gbé e lé mi lọ́wọ́. Wọ́n kàn fi í hàn mí fìrí, bí ẹni ń fi ọjà han ẹni tí kò ní rà á, wọ́n sì gbé e lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo rí i nínú àpótí gíláàsì tí wọ́n fi ń mú irú wọn gbóná. Ọkùnrin ni. Awọ ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí awọ inú ẹyin, ó pọ́n, wọ́n sì ti ti rọ́bà tín-ín-rín bọ ihò imú rẹ̀. Mo wò ó títí. Mo ń retí pé kí nǹkan ṣe mí. Kò sí ohun tó ṣe mí.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ìyá ìkókó, kò tíì lágbára láti fa ọyàn. Ìwọ ni wàá máa fún omi ọyàn rẹ sínú kọ́ọ̀bù, àwa á máa fi rọ́bà yẹn fún un. Ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta o.”

Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fún un: kí n kọ́kọ́ fi aṣọ gbígbóná tẹ ọyàn, kí n fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú un láti ẹ̀yìn, kí n má kánjú. Mo ṣe é bó ṣe wí. Ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀bù lásán ló rin. Nọ́ọ̀sì fi síríǹjì fà á, ó ní ó dáa fún ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, kò tíì kún ṣíbí kékeré kan. Obìnrin tó jókòó tì mí ń fún tirẹ̀ dé ìdajì kọ́ọ̀bù, ó sì ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Mo fi etí ìró mi bo kọ́ọ̀bù tèmi.

Wọ́n dá mi sílẹ̀, wọ́n dá ọmọ dúró. Láràárọ̀ ni mò ń wọ mọ́tò lọ, tí n ó jókòó síbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìyá ọkọ mi dé láti Ìkìrun. Ó ń se ẹ̀kọ gbígbóná fún mi, ó ń fi ìbẹ́pẹ dúdú se ọbẹ̀, ó ní kí n máa mu ún kí omi ọyàn lè sun. Mo jẹ gbogbo rẹ̀. Bí iyanrìn ló rí lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ kan, ó tẹjú mọ́ mi. “Ìyàwó mi, o ò tiẹ̀ sunkún.”

“N kò sunkún, Màámi.”

“Sunkún díẹ̀. Bóyá ohun tó dí ọyàn náà nìyẹn.”

Mo wọ yàrá lọ, mo gbìyànjú rẹ̀. Omijé kò wá.

Nígbà tí ọmọ di ọmọ ọjọ́ méjìlá, nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé ó ti fúyẹ́ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ti fi wàrà agolo kún tèmi, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò gbà á, ikùn rẹ̀ wú, wọ́n ní láti dá wàrà náà dúró. Mo délé, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo sọ ọ́ fún ọkọ mi bí ẹni ń sọ pé òjò ti ṣú. Ìyàwó àfáà wà nídìí ààrò nítòsí, ó ń fún ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ oṣù mẹ́rin, lọ́yàn. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

“Ìyàwó,” ó pè mí, “tèmi ń ṣàn dànù sára aṣọ. Jẹ́ kí n bi bàbá wọn.”

Nígbà tí àfáà kírun tán, ó pe èmi àti ọkọ mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Nínú ẹ̀sìn tiwa, ọmọ tó bá mu ọyàn obìnrin débi tó yẹ, ó ti di ọmọ rẹ̀. Èmi náà á di bàbá rẹ̀. Òun àti ọmọbìnrin mi di ọmọ ìyá, wọn ò lè fẹ́ra wọn láéláé. Ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀?”

Ọkọ mi wojú mi. “A gbà, Bàbá,” ni mo wí.

Ìyá ọkọ mi kò fẹ́ ẹ. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. “Ṣé wọn ò ní sọ ọ́ di ìmàle?”

“Màámi,” ọkọ mi dáhùn, “ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ yè ná.”

Ní ọsibítù, wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyàwó àfáà wò. Nígbà tí èsì jáde, wọ́n ní kò séwu. Àwa méjèèjì jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ó ń sọ fún mi nípa ata tó sá sórí pákó, tí ewúrẹ́ dà nù, kọ́ọ̀bù rẹ̀ sì ti kún. Tèmi kò ju bí mo ṣe ń rí i tẹ́lẹ̀ lọ. Ó yẹ kí n jowú rẹ̀. Ó yẹ kí n dúpẹ́ pẹ̀lú. Ẹnu mi dúpẹ́, inú mi dákẹ́.

Mo fẹ́ da tèmi nù. Ó di ọwọ́ mi mú.

“Sìstá,” ó pe nọ́ọ̀sì, “ẹ fún un ní ti ìyá rẹ̀ kọ́kọ́. Kẹ́ ẹ tó fi tèmi lé e.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe láti ọjọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì ní kí n bọ́ bùbá mi, ó gbé ọmọ náà kà mí láyà, ó fi aṣọ bò wá. Ó gbóná. Mo ń ka èémí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ṣíbí méjì ni mo rí fún. Ó tún lé díẹ̀ sí i lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n kò tó o rí, títí mo fi já a lẹ́nu ọyàn.

A gbé e wálé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bó bá ti fa tèmi tán, màá gbé e sọdá àgbàlá fún ìyá rẹ̀ kejì. Àwọn ará àdúgbò ń kí mi kú oríire, mò ń dáhùn. Mo wẹ ọmọ, mo pọ̀n ọ́n, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ń ṣe gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń bá ẹlòmíràn tọ́jú ọmọ.

Ó ti ń rá, ó tó bí ọmọ oṣù mọ́kànlá, nígbà tí ara rẹ̀ gbóná lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo gbé e, mo sáré láìwọ bàtà gba àgbàlá kọjá, mò ń pariwo. Ìyàwó àfáà fọwọ́ kàn án níwájú orí.

“Ibà lásán ni, ìyàwó. Fi omi nù ún lára, ká gbé e lọ gba oògùn.”

Mo rẹ aṣọ sínú omi. Mo kánjú débi pé omi náà dà sí wa lára. Ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún, ó ní kí n jókòó, kí n mí dáadáa.