Aṣọ Olorì Kejì

Mi ò mọ olorì ilẹ̀ England kankan kí n tó dé Dubai. Ní báyìí, mo mọ ìbàdí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, nítorí èmi ni mo rán aṣọ wọn.

Al Quoz ni ibi iṣẹ́ wa wà, láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí. Aṣọ eré là ń rán níbẹ̀ fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá náà, wọ́n sì ti fi páálí dí i nítorí oòrùn. Tí bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ bá ti já wa sílẹ̀ láàárọ̀, tí ilẹ̀kùn sì padé, ó dìgbà tí bọ́ọ̀sì yẹn bá tún padà wá kí a tó mọ̀ bóyá ojúmọ́ ṣì wà níta. Kò sẹ́ni tó so wá mọ́lẹ̀ o. Físà ló so wá mọ́lẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ló wà lórí ẹ̀, tó o bá kúrò níbẹ̀, o kúrò nílùú nìyẹn.

Òtẹ́ẹ̀lì kan ló wá bẹ̀ wá níṣẹ́ pé àwọn fẹ́ ṣe eré ọ̀sán fún àwọn àlejò tó ń mu tíì: ọba England ayé àtijọ́ kan àti àwọn ìyàwó rẹ̀ mẹ́fà. Ọmọbìnrin mẹ́fà á wọ aṣọ olorì, wọ́n á dúró káàkiri gbọ̀ngàn, àwọn èèyàn á máa jẹ kéèkì, wọ́n á máa yà wọ́n ní fọ́tò. Madam wa, ọmọ England gan-an, ló ń darí ẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé bí a ti ń ránṣọ ló ń rìn kiri lẹ́yìn wa, tó ń sọ ìtàn àwọn olorì náà fún wa.

Ó ní ọmọkùnrin ni ọba yẹn ń wá. Olorì àkọ́kọ́ bá a gbé ju ogún ọdún lọ, ọmọbìnrin kan péré ló dúró fún un. Ọba lé e jáde, kò sì jẹ́ kó fojú kan ọmọ rẹ̀ mọ́ títí tó fi kú. Olorì kejì, inú àwọn ìránṣẹ́ olorì àkọ́kọ́ ni wọ́n ti mú un. Òun náà ò bí ọkùnrin, wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Ibo ni wọ́n ti rí olorì kẹta? Láàárín àwọn ìránṣẹ́ olorì kejì!

Mo ní, "Háà! Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà de ìyàwó."

Madam ní kí ni mo wí. Mo gbìyànjú, mo sọ ọ́ ní ìwọ̀nba òyìnbó tí mo gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dára o, kí n tún un sọ kí àwọn lè kọ ọ́ sára ògiri níbi eré. Mo ní mo ti gbàgbé. Ta ló fẹ́ kí wọ́n máa fi òwe ìyá òun jẹ kéèkì?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ránṣọ, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Mushin kì í gé aṣọ mọ́ èèyàn lára. Ó máa ń ní obìnrin á jẹun, á lóyún, á bímọ, á tún sanra, aṣọ kan náà ló sì fẹ́ máa wọ̀ títí. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, a máa ń fi àláwánsì tó nípọn sílẹ̀ nínú, kí wọ́n lè tú ojú rírán kí aṣọ tún fẹ̀ sí i lọ́jọ́ iwájú. Ará Pakistan tó ń gé aṣọ fún wa, tí gbogbo wa ń pè ní masterji, kò lè rí i sójú. Tó bá ti yí aṣọ mi síta báyìí, á ní mò ń fi aṣọ ṣòfò. Mo ní kó gbájú mọ́ sísọ́ọ̀sì tiẹ̀.

Ọmọ tí wọ́n mú ṣe olorì kejì, àbúrò mi ni. Kì í ṣe pé ìyá kan ló bí wa o. Yàrá bedspace kan náà, tí wọ́n ti ń háyà bẹ́ẹ̀dì lọ́kọ̀ọ̀kan, là ń gbé ní Rolla, ní Sharjah tó múlé ti Dubai, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló wà lókè tèmi. Tó bá yíra padà, èmi ni eruku ń dà lé lójú. Ilé-iṣẹ́ wa náà ló ń bá ṣiṣẹ́, òun ló máa ń gbàlejò níbi àríyá. Ọrùn rẹ̀ gùn, ó rẹwà, kò sì mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí madam yàn án, ó fọwọ́ kan ọrùn ọmọ náà, ó ní ọrùn olorì kejì gan-an rèé. Mo bú u nínú mi. Ẹ gbà mí, ta ló ń yin ọrùn ọmọ ọlọ́mọ nítorí idà?

Ìgbà tí mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì ni téèpù tú àṣírí. Àyà ti kún, ìbàdí ti yí padà. Mo wo ojú rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

Mo rọra bi í pé, "Ṣé ohun tí mò ń rò yìí náà ni?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́."

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa lọ sí Sharjah ló ti tú gbogbo rẹ̀ fún mi. Ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣọ́ ilé gíga kan ní Silicon Oasis ló fún un lóyún. Ó ti ṣèlérí pé òun á fẹ́ ẹ. Ọjọ́ tó gbọ́ pé oyún ti dé ni nọ́ńbà rẹ̀ ti kú. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ti ro tiẹ̀: àkókò ìsinmi rẹ̀ ti ń sún mọ́lé. Tí eré yìí bá parí láìsí ẹni tó mọ̀, á wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sílé bíi gbogbo ẹni tó ń lọ sísinmi, á bímọ sọ́wọ́ ìyá rẹ̀, á sì bẹ̀bẹ̀ fún àfikún ìsinmi títí tí á fi lè padà wá sẹ́nu iṣẹ́. Tí wọ́n bá mọ̀ ńkọ́? Khalas, ó parí nìyẹn. Wọ́n á fagi lé físà rẹ̀, ọ̀nà Dubai ti dí nìyẹn, ẹnu iṣẹ́ yìí sì ni gbogbo ilé wọn ti ń jẹ. Wọ́n ní òfin ibẹ̀ lórí obìnrin tó lóyún láìlọ́kọ ti rọ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù wa ni kò tíì gbọ́.

Inú bí mi. Mo bú u títí a fi dé Rolla. Mo pè é ní òmùgọ̀, mo pe ọkùnrin yẹn ní gbogbo orúkọ tí ó wá sí mi lẹ́nu. Nígbà tí mo bú u tán, mo ra ọsàn fún un.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ olorì kejì. Tí masterji bá ti lọ kírun, màá fa ojú rírán yọ díẹ̀, màá tún un rán síta. Mo yọ àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kó fún ikùn rẹ̀ pọ̀ níwájú, mo fi aṣọ rírọ̀ dípò wọn kí wọ́n má baà tẹ ọmọ. Bí mo ti ń tú u ni madam ń sọ ìtàn rẹ̀ lọ. Ó ní nígbà tí ọba fẹ́ kí olorì kejì ṣubú, àwọn obìnrin tó ń wọṣọ fún un gan-an ni wọ́n pè, wọ́n bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí, wọ́n sì sọ. Èmi ò gbé ojú sókè. Láàfin wọn lọ́hùn-ún, oyún tí kò dúró ló ń lé obìnrin jáde. Níbí, èyí tó dúró ni.

Eré ń lọ dáadáa. Madam ti kọ́ àwọn ọmọ náà pé olorì kì í tẹríba. Kí wọ́n na ọrùn, kí wọ́n rọra mi orí díẹ̀, ó tán, kò sẹ́ni tí olorì ń kúnlẹ̀ fún àfi ọba. Àbúrò mi ṣe é bí ẹni tí wọ́n bí sí ààfin. Nígbà tó yá, eré kan péré ló kù kó tó lọ fún ìsinmi rẹ̀. Àláwánsì inú aṣọ náà ti tán. Mo fi òwú méjì rán ojú rẹ̀, mo ní, "Rọra máa mí. Má tẹ̀, má jókòó, má rẹ́rìn-ín jù."

Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni mo dúró sí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo kó abẹ́rẹ́ sẹ́nu. Àwọn àlejò ń wọlé. Ni mo bá rí ìyá àgbà kan tó wọ ìró àti bùbá, tó fi ìborùn bo èjìká. Oníṣòwò ni, láti Nàìjíríà ló ti wá ra ọjà ní Deira, ọmọ rẹ̀ ló mú un wá jẹ̀gbádùn. Ó ń tẹ̀pá bọ̀. Ó kọjá lára olorì àkọ́kọ́, kò wò ó. Ó dé iwájú olorì kejì, ó dúró, ó wo ojú rẹ̀ fínnífínní.

Ó ní, "Ọmọ wa ni ọ́, àbí? O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi."

Mo rí i tí ojú ọmọ náà yí padà. Mo fẹ́ pariwo pé má dán an wò! Abẹ́rẹ́ ló wà lẹ́nu mi.

Eékún méjèèjì ló fi kanlẹ̀. "Ẹ káàsán mà."

Ṣé ẹ ti gbọ́ bí aṣọ ṣe ń dún tó bá ya láti abíyá dé ìdí? Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ. Ẹ̀gbẹ́ aṣọ là, ikùn ọmọ náà yọ síta, róbótó. Kí n tó débẹ̀, ìyá yẹn ti ju ọ̀pá sílẹ̀, ó ti bọ́ ìborùn, ó ti ń wé e mọ́ ọn lára.

Ó ní, "Dìde, ọmọ mi, dìde. Ìkúnlẹ̀ tó ń bọ̀ níwájú tó ẹ."

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara eré ni. Madam ò pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó yí inú aṣọ náà síta. Ojú ihò abẹ́rẹ́ tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìlà ìlà, gbogbo ibi tí mo ti tú u sí. Ó bèèrè ta ló ṣe é. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé masterji ni? Mo ní èmi ni, mo mọ̀ pé ó lóyún, tó bá sì tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, màá tún ṣe bẹ́ẹ̀. Madam sunkún, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ òun, àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ ti gbọ́. Ẹkún yẹn ò dá ẹnikẹ́ni dúró. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti fagi lé físà ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n ti ní kó máa lọ.

Èmi ni mo bá a di báàgì rẹ̀ ní Rolla. Nígbà tí takisí dé, ó tún fẹ́ kúnlẹ̀ kí mi pé ó dàbọ̀. Mo di apá rẹ̀ mú.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé inú ń bí yín pé mo kúnlẹ̀ fún màmá yẹn?"

Mo ní, "Inú ń bí mi gan-an. Ká ní o ò kúnlẹ̀, inú ì bá tún bí mi jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ló bá bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún.

Wọn ò lé mi. Wọ́n ní iṣẹ́ ṣì pọ̀, físà mi ò sì tíì parí. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ká ní wọ́n lé mi, mi ò ní sí nínú yàrá yẹn nígbà tí madam gbé aṣọ náà dé pé òtẹ́ẹ̀lì fẹ́ kí eré máa lọ. Ó ti mú ọmọ Kenya kan ṣe olorì kejì. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa rí pé ọjọ́ kejì tí wọ́n bẹ́ olorì yẹn lórí ni ọba ti bá òmíràn ṣàdéhùn ìgbéyàwó. Ó ní kí n gba aṣọ náà wọlé kó lè bá ọmọ tuntun yìí mu, kí n sì gé gbogbo ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ dànù. Masterji na sísọ́ọ̀sì sí mi.

Ọmọ Kenya náà dúró síwájú mi, ó na apá méjèèjì sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọmọdé ni. Mo wọ̀n ọ́n. Mo gba aṣọ wọlé ní ọ̀tún, mo gbà á wọlé ní òsì. Mo gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, mo fi gbogbo àláwánsì náà sínú, mo rán aṣọ inú bò ó. Masterji rí mi. Ó mú sísọ́ọ̀sì rẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́ tiẹ̀.

Ọmọ náà bi mí lóyìnbó pé ṣé kò ní fún òun. Mo ní lọ́jọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún un, èmi ni kó kọ́kọ́ wá sọ fún.