Ẹ̀rọ Tí Ummu-Kulthum Ń Tò Fún Mílíìkì

"Màmá, ẹ má jẹ́ kí Nabeelah fọwọ́ kan rọ́bà yẹn o! Mo ti rí pọ́ǹpù rà. Mo ń bọ̀."

Ohùn tí mo gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu Ummu-Kulthum ọmọ mi nìyẹn, lórí fóònù, láti inú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Mo ní, "Má pariwo mọ́ mi, mo gbọ́." Wọn ò tíì jáde ní Adéwọlé tí ọkọ̀ kan fi kọlu kẹ̀kẹ́ náà. Kó tó di màgàríbà, a ti sin ín.

Èmi, wàrà ni mò ń ṣe tà ní Gàmbàrí. Láti kékeré ni Ummu-Kulthum ti kórìíra òórùn rẹ̀. Bí mo bá ti da omi ewé bọmubọmu sínú mílíìkì tó ń hó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì, á fọwọ́ di imú. "Ìyá àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi ń ta tùràrí, tèmi ń ta òórùn." Èmi náà á ní, "Òórùn yìí ló ń bọ́ ẹ, aláìmoore."

Mílíìkì yìí náà ló padà gbé e lọ́kàn. Ó ti kàwé, ó ti ń ṣiṣẹ́ ní lábù kan ní Fate níbi tí wọ́n ti ń yẹ oúnjẹ wò, ó ti bí Nabeelah. Ara Nabeelah kì í gba pẹnisílíìnì. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ náà jẹ wàrà tí èmi fúnra mi dín, ojú rẹ̀ wú, ètè wú, èémí ò fẹ́ jáde mọ́. Dókítà bèèrè oògùn tó lò. A ní kò lo nǹkan kan. Ìgbà tí a délé ni Ummu-Kulthum tó sọ̀rọ̀.

"Màmá, mílíìkì yẹn ni. Wọ́n gún màlúù kan lábẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì, wọn ò dúró kí oògùn kúrò lára rẹ̀ kí wọ́n tó fún mílíìkì rẹ̀."

"Ṣé Hadiza á fún ọmọ wa ní májèlé ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

Hadiza ni obìnrin Fúlàní tó ń gbé mílíìkì wá fún mi. Ní gáà tí àwọn Fúlàní ń gbé, igbá kan ni gbogbo obìnrin ilé ń da mílíìkì sí. Ẹni tó bá ya tirẹ̀ sọ́tọ̀, ìjà ló ń wá. Màlúù kan ṣoṣo tí wọ́n bá gún, gbogbo igbá ni oògùn á dé.

Ummu-Kulthum fẹ́ yẹ ti màlúù kọ̀ọ̀kan wò. Iṣẹ́ ńlá ni. Ó ní mílíìkì kì í ṣe omi lásán, ọ̀rá wà nínú ẹ̀, ohun tó ń dì di wàrà wà nínú ẹ̀, oògùn á sì sá pamọ́ sáàárín wọn. Ó di dandan kí wọ́n kọ́kọ́ mú un dì, kí wọ́n fi ẹ̀rọ yí i kíkankíkan, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí pépà tí wọ́n fi ń dán an wò tó lè sọ òótọ́. Bí wọ́n bá fi ọwọ́ ṣe ìgò kan, á gbà wọ́n láti ìdájí títí oòrùn á fi le. Ó wá ń to ẹ̀rọ kan sórí tábìlì nínú pálọ̀ mi, tí yóò máa fa mílíìkì fúnra rẹ̀, tí yóò máa ṣe gbogbo wàhálà yẹn, kí ènìyàn kàn bá omi tó mọ́ níwájú. Bó bá da omi sí i, á ṣiṣẹ́ dáadáa. Bó bá da mílíìkì sí i, ọ̀rá á dí rọ́bà tí mílíìkì ń gbà kọjá.

Mo ní, "Fún un lómi gbígbóná mu."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, òtútù kọ́ ló mú un." Pọ́ǹpù tó lágbára ju èyí tó wà lára ẹ̀rọ náà lọ ló lọ rà lọ́jọ́ tó kú.

Kó tó kú, ó ti bẹ àwọn ará gáà kí wọ́n máa da mílíìkì màlúù kọ̀ọ̀kan sí ìgò tirẹ̀. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, pé ṣé ó fẹ́ tú ilé àwọn ká ni.

Ọjọ́ tí a ń ṣe àdúà fún un, Hadiza yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ìgò, mílíìkì màlúù kọ̀ọ̀kan nínú ìgò tirẹ̀, òwú aláwọ̀ oríṣiríṣi lọ́rùn wọn. Kò tíì gbọ́. "Ummu dà? Mo bá àwọn orogún mi jà nítorí ẹ̀ o! Kó wá rà mí lóbì!" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó gbé ìgò sílẹ̀, ó fi gèlè bojú.

Olúdáre, tí òun àti Ummu-Kulthum jọ ń ṣiṣẹ́ ní lábù, wá wo ẹ̀rọ náà. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Pọ́ǹpù tí Ummu-Kulthum rà ti fọ́ nínú jàǹbá yẹn.

"Màmá, bó ṣe fẹ́ kó rí, inú orí rẹ̀ ló wà. Mi ò mọ ibi tí èyí ń wọ̀."

"Ṣé kò ṣeé fi ọwọ́ ṣe ni?"

"Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ló kù ní lábù. Ẹ jẹ́ n wá àyè." Ọmọlúàbí ni, ojú ń tì í. Kò tíì rí àyè.

Nabeelah ń bèèrè bóyá òun lè jẹ wàrà. Mo ní rárá. Síbẹ̀ mò ń dín in, mò ń tà á fún ọmọ ẹlòmíràn, nítorí iṣẹ́ mìíràn ò sí lọ́wọ́ mi. Ní gáà, wọ́n ti padà sí igbá kan. Àwọn ìgò wà nínú fíríìsà. A ò tíì yẹ ọ̀kankan wò.