Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ àti Irùngbọ̀n Bàbá Rẹ̀

Ẹni tó bá ti jókòó rí lórí àga Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ onígbàjámọ̀, tó wá ń sọ pé oorun ò gbé òun lọ, irọ́ ló ń pa. Àwọn oníbàárà ló fún un lórúkọ náà, nítorí abẹ rẹ̀ á ti yí ọrùn ẹni ká tán, ẹni náà á ṣì máa retí ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí bàbá fẹ̀yìn tì, ó di oníbàárà ọmọ. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí, á wọlé, á gbé àgbọ̀n sókè, kò ní pẹ́ tí á fi máa hanrun. Kò gbà kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan irùngbọ̀n rẹ̀.

Ọkàn Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Dípò kó máa lù létòlétò, á sáré, á dúró, á tún ta gìrì bí adìẹ tí wọ́n ká mọ́ igun ilé. Òòyì á kọ́ ọ, á di etí díńgí mú. Wọ́n fún un ní oògùn oníhóró lọ́sibítù, ọkàn sì fara balẹ̀ lóòótọ́. Àṣé ọwọ́ ni yóò gba ìyà rẹ̀ jẹ. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lọ́jọ́ Ajé kan, abẹ yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn láti ọrùn bàbá rẹ̀ sórí ìnura funfun. Bàbá nu ọrùn, ó ní kò ṣe nǹkan kan, ó bá tiẹ̀ lọ. Kò padà wá mọ́. Irùngbọ̀n rẹ̀ hù títí ó fi kan àyà, ìgbàkígbà tí ọmọ bá sì rí i lókèèrè, ojú á tì í.

Ló bá dá ọgbọ́n àgbọ́njù kan. Ó pa oògùn tì lọ́jọ́ iṣẹ́, ọjọ́ ìsinmi nìkan ló ń lò ó, kò sì sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, inú rẹ̀ dùn, àfi bó ṣe ṣubú lulẹ̀ gbì láàárín àga àti díńgí. Oníbàárà tó ti fá ààbọ̀ orí fún ló gbé e dé ọsibítù. Àwọn nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ rò pé oníbàárà náà ni ara rẹ̀ ò yá.

Nígbà tó jẹ́wọ́, obìnrin dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ kò bá a wí.

“Oògùn tí ẹ ń gbé mì yẹn, gbogbo ara ló ń yí ká kó tó dé ọkàn,” ó ní. “Ọwọ́ yín ń pín nínú ẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ń pín nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kúkú gbé e lọ bá ọkàn nílé.”

Ó fi nǹkan kan hàn án, pẹlẹbẹ, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ó mọ́ bí omi. Wọ́n á gba àlàfo kékeré láàárín egungun ìhà wọlé, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkàn gan-an, oògùn inú rẹ̀ á sì máa jáde níwọ̀n-níwọ̀n. Bó bá tán, wọ́n á fi òmíràn rọ́pò. Dókítà kò fi ohunkóhun pa mọ́: wọ́n ṣì ń dán an wò ni, ó sì lè má ṣiṣẹ́. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ wo ìyàwó rẹ̀. Inú ṣì ń bí obìnrin náà.

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é,” ó ní. “Ṣùgbọ́n bọ́wọ́ ń gbọ̀n o, bí kò gbọ̀n o, ẹ̀yin ni mo fẹ́ láàyè.”

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ó dùbúlẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà, ó ń gbọ́ ọkàn rẹ̀. Ó ń lù, ó ń lù, kò ṣìṣe. Ẹnu yà á débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Nǹkan tí kò tó owó ẹyọ yẹn wà nínú òkùnkùn àyà òun báyìí, ó ń kán oògùn sílẹ̀ bó ṣe yẹ, kò sí ẹni tó ń sọ fún un pé ó tó, kò sì ṣàṣejù. Òun tí wọ́n ń pè ní Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, òun ò rí ọwọ́ tó fẹ́lẹ́ tó báyìí rí.

Ọwọ́ tirẹ̀ ṣì ń gbọ̀n. Dókítà ti sọ fún un pé oògùn àtijọ́ kì í tètè kúrò lára. Láràárọ̀ ni ó ń bu omi kún ife dẹ́nu, á gbé e dúró, á máa wo ojú omi. Ó pẹ́ gan-an kó tó di àárọ̀ ọjọ́ kan tí ojú omi náà dúró jẹ́ẹ́. Ó gbé abẹ àti ọṣẹ, ó forí lé ilé bàbá rẹ̀.

Bàbá kò wo ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló wò.

“Ṣé ó ti balẹ̀?”

“Ó ti balẹ̀, Bàbá.”

Bàbá gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó jókòó, ó gbé àgbọ̀n sókè. Ọmọ gé irùngbọ̀n náà wálẹ̀, ó fi ọṣẹ kùn ún, ó ṣí abẹ. Ẹ̀rù ń bà á. Ó dúró kí ọkàn rẹ̀ ta gìrì bíi tàtijọ́, ṣùgbọ́n ọkàn ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó dé ibi àpá tó dá sí bàbá rẹ̀ lọ́rùn, ó rọra kọjá, ó wá bi í bóyá ó dùn ún.

Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Bàbá ti ń hanrun.